Ohun Tí Bàbá Àgbà Sọ fún Ẹ̀gbọ́n Álẹ́kì

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ́ ilé gogoro sí àárín ìlú Chicago títí orí ilé fi wọ inú ìkùukùu. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n mú odò tó ń ṣàn lọ sí apá kan, tí wọ́n ní kó yíjú padà, odò sì gbọ́ràn. Mo kí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo iṣẹ́ ńlá tí ọmọ ènìyàn ti ṣe ní ìlú yẹn, mi ò tíì rí èyí tó tó bàtà bàbá mi àgbà.

Bàtà dúdú olókùn ni, wọ́n rà á ní Ìbàdàn. Ní gbogbo àárọ̀, Bàbá á tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ nínú kíṣìnì wa ní Calumet City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago, wọ́n á fi àkísà wé ìka méjì, wọ́n á fi kan pólíìṣì, wọ́n á tu itọ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lójú bàtà, roboto roboto, bí ẹni tó ń pa ọmọ lára. Tí wọ́n bá parí, ènìyàn lè fi ojú bàtà náà ṣe dígí di gèlè. Wọ́n á wọ̀ ọ́, wọ́n á so okùn rẹ̀ le dáadáa, wọ́n á sì rìn láti kíṣìnì lọ sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á jókòó. Ìrìn àjò ọjọ́ náà ti parí nìyẹn. Níta, yìnyín ti bo ilẹ̀ dé orúnkún, kò sì sí ẹni tó ń retí wọn níbì kankan.

Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ wọn, bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n máa wọ sálúbàtà nínú ilé nítorí kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá wò ó.

“Sìdí, bí ikú bá wá mú mi lónìí, ṣé sálúbàtà ló máa bá lẹ́sẹ̀ mi?”

Bàbá kì í ṣe ẹni kékeré ní Chicago. Àwọn Yorùbá ìlú náà nígbà yẹn ò ní ẹni kékeré láàárín wọn. Ẹni tó ń wa takisí ni Olóyè, ẹni tó bá ti gun ọkọ̀ òfurufú kọjá lórí Mẹ́kà ni Àlàájì, alága ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ní Olympia Fields sì ní kí ìyàwó òun fúnra rẹ̀ máa pe òun ní Dókítà. Nítorí pé Bàbá wà nínú ogun Bọ́mà, wọ́n sọ wọ́n di Sájẹ́ńtì ní ọdún tí wọ́n dé. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, Alága ti gbé wọn ga di Májò. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n èmi ti wọ yunifásítì, mo ti ka ìwé díẹ̀, mo sì ní láti fi hàn pé mo kà á. Mo bi wọ́n léèrè ìbọn tí wọ́n yìn. Wọ́n ní àwọn ò yin ìbọn kankan, ẹrù làwọn rù. Aláàárù ni wọ́n jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà títí dé òpin. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Májò dà?

“Àjọkẹ́,” ni wọ́n wí, “orí tó ru bátìrì wáyálẹ́ẹ̀sì gun òkè Bọ́mà, tí Májò bá rí i, á dìde fún un.”

Álẹ́kì ló kọ́ wọn ní bàtà dídán. Ọmọ Skọ́tílándì ni, sójà ẹlẹ́sẹ̀, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Wọ́n yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n fi í sáàárín àwọn sójà tó wá láti ilẹ̀ wa, kó máa bójú tó wáyálẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ láti inú igbó. Álẹ́kì ló ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, Bàbá ló ń ru bátìrì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀kan bá wà ni èkejì gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ọ̀gá tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù máa ń ní kí Álẹ́kì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bàbá ní kò sígbà kan tí òun ní kó tún un sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì àwọn méjèèjì, ẹrù ló dà bí, ṣe ni wọ́n jọ ń rù ú.

Bàbá Álẹ́kì ń fi ẹṣin pín mílíìkì láti ojúlé dé ojúlé, ọmọ náà sì ti ń bá a jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà láti kékeré. Bàbá mọ orúkọ ẹṣin yẹn. Wọ́n mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Wọ́n mọ̀ pé ìyá Álẹ́kì kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọlé. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni orúkọ ìlú náà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, kí n tó mọ ìdí tó fi ń dùn wọ́n.

Òjò Bọ́mà kì í mọ ìgbà tó yẹ kí àlejò padà sílé. Síbẹ̀, ní àárọ̀, Álẹ́kì á jókòó sábẹ́ tapólì, á máa nu bàtà tí ẹrẹ̀ máa gbé mì kí ó tó rìn dé ìdí igi tó wà níwájú. Bàbá bi í pé ta ló fẹ́ kó rí i. Ọmọ náà ò gbójú sókè.

“Bí wọ́n bá gbé mi délé, bàtà ni ìyá mi máa kọ́kọ́ wò.”

Ojú odò kan ni ikú ti bá a, ní ọ̀sán. Wọ́n ń la omi kọjá, Álẹ́kì níwájú, Bàbá àti bátìrì lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìbọn dún láti òdì kejì. Bàbá sọ bátìrì sómi, wọ́n sì fa ọmọ náà gun òkè. Kò pẹ́ rárá. Ó béèrè bóyá omi ti wọ ẹ̀rọ òun. Bàbá ní omi ò wọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n fún òun lómi mu, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣí ìgò, ó ti lọ.

Abẹ́ igi kan ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé e. Kí wọ́n tó wé e, Bàbá mú agolo pólíìṣì nínú àpò ọmọ náà, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nu bàtà rẹ̀. Ọ̀gá kan dúró lé wọn lórí, ó ní àyè ò sí fún ìyẹn, kí wọ́n yára. Bàbá tu itọ́ díẹ̀ sí àkísà. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọ iṣẹ́ ogun, wọn ò ṣàìgbọràn sí ọ̀gá rí, wọn ò sì tún ṣe é mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Tí wọ́n bá sọ ọ́ débẹ̀, bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń parí rẹ̀:

“Ìyá rẹ̀ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n mo nù ún.”

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ọgbẹ́ náà ì bá ti jinná. Ṣùgbọ́n Álẹ́kì ní ẹ̀gbọ́n. Òun náà jẹ́ sójà nínú igbó kan náà, lábẹ́ ọ̀gá mìíràn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó gbàyè, ó bá lọ́rì kan wá, ó wá kí àbúrò rẹ̀. Ibà ti dá ọ̀gá tó yẹ kó bá a sọ̀rọ̀ wó sílẹ̀, kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ni ọkùnrin náà bá ń béèrè ọ̀nà títí wọ́n fi júwe Bàbá fún un, pé ẹni tó ń ru bátìrì Álẹ́kì nìyẹn. Ó bọ Bàbá lọ́wọ́. Ó ní àbúrò òun ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ bí a ṣe ń túfọ̀ lọ́dọ̀ wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dúró. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà, tí eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀, tí kò tíì jẹun. Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀ la máa kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà, àwọn àgbà á kó ara wọn jọ, wọ́n á fi ẹni náà sáàárín, wọ́n á sọ ọ́, ọwọ́ á sì wà nílẹ̀ láti dì í mú. Ẹni tó bá sọ ọ́ gbàù, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá sì lẹ́kọ̀ọ́.

Wọ́n ní, “Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Wọ́n fún un ní àpótí, ó jókòó, wọ́n gbé ìrẹsì wá, ó jẹ ẹ́ tán. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ìtàn ẹṣin. Bàbá ti ránṣẹ́ sí Sájẹ́ńtì tòótọ́ kan, ará Ìlọrin, àti sí ẹnì kan tó ń ṣe wòlíì nínú wọn, pé tí wọ́n bá gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán kí wọ́n wá, kí wọ́n jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n odò ń kún, awakọ̀ lọ́rì sì fọn fèrè. Ọkùnrin náà dìde, ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó gun ọkọ̀. Láti orí ọkọ̀ ló ti ń ké sí Bàbá pé lónìí yìí lòun máa kọ̀wé sí ìyá àwọn, kó fọkàn balẹ̀, pé kì í ṣe nǹkan ńlá. Bàbá sáré tẹ̀ lé lọ́rì náà títí ẹrẹ̀ fi gbà wọ́n lẹ́sẹ̀.

Kíṣìnì ni a wà nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn fún mi. Mo ní kí ló dé tí wọn ò pariwo rẹ̀ sí i.

Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀.

“Ìjọba máa sọ fún obìnrin yẹn pé ọmọ rẹ̀ kú. Ọmọ rẹ̀ kejì máa sọ fún un pé ara àbúrò òun ti ń yá. Àjọkẹ́, ìyá wo ló máa gba ti ìjọba gbọ́?”

Mo lo làákàyè yunifásítì mi. Mo ní ó dájú pé wọ́n ti mọ òtítọ́ tipẹ́tipẹ́, ogun ti parí láti bí ogójì ọdún.

“Láàárín ìgbà tí wọn ò tíì mọ̀ ńkọ́?”

Bàbá wá ìyá Álẹ́kì bí àwa Yorùbá ṣe ń wá ènìyàn: wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ìlú náà wá. Lójú wọn, Skọ́tílándì ò lè ju Ìjẹ̀bú lọ, bí ènìyàn bá ti lè dárúkọ bàbá àti iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á mú un délé. Ní ìgbà ẹ̀rùn kan a lọ wo àwọn tó ń yan ní àárín ìlú, ni àwọn ọkùnrin kan bá yọ tí wọ́n wọ yẹ̀rì bí ọkùnrin Skọ́tílándì, tí wọ́n ń fọn fèrè alápò. Àwọn èwe ń rẹ́rìn-ín. Bàbá dìde, wọ́n dúró ṣánṣán. Nígbà tí wọ́n yan tán, Bàbá tọ èyí tó dàgbà jù nínú wọn lọ, wọ́n tẹrí ba fún un nítorí yẹ̀rì náà, wọ́n ní jọ̀wọ́, ṣé ó mọ ẹbí Álẹ́kì, bàbá rẹ̀ ló ń fi ẹṣin pín mílíìkì, ọ̀rọ̀ wà tí àwọn fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú ń tì mí títí dé àtàǹpàkò. Ọkùnrin náà jẹ́ oníṣègùn eyín ní Flossmoor, Chicago ni wọ́n bí i sí, kò sì dé Skọ́tílándì rí. Ó ṣàlàyé fún wa pẹ̀lú ìgbéraga pé bàbá bàbá ìyá òun ló ti ibẹ̀ wá, ó sì fi àwọ̀ aṣọ ìdílé wọn hàn wá.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa padà, Bàbá nu eruku kúrò lójú bàtà wọn.

“Ọkùnrin yẹn ní aṣọ,” ni wọ́n wí. “Kò ní ìlú.”

Ìjà tí Bàbá bá ẹgbẹ́ wa jà kò ṣẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n Álẹ́kì. Bàbá tó bí Ìyá Kúnlé, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, kú ní Abẹ́òkúta. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Kúnlé, bíi ti ìyá mi, ní ibi tí àìsàn ti ń le jù, òun ló sì máa ń sọ fún àwọn Amẹ́ríkà pé ènìyàn wọn ti kú. Ẹgbẹ́ pinnu pé òun fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ gbàù. Alága kó wa lọ sílé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ wa tò lọ bẹẹrẹ níwájú ilé, a ní a kàn ní ká yà kí i ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń gbé ohun mímu fún wa. Alága, tó gba oyè dókítà lórí àṣà Yorùbá ní yunifásítì kan ní Ohio, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti orí òtútù, ó gba orí bọ́ọ̀lù kọjá, ó dé orí owó iná. Ó ní láti tún orí òtútù gbà. Gbogbo wa ń wo ojú obìnrin náà, a ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bí ẹni ń retí kí fíìmù bẹ̀rẹ̀.

Bàbá ní, “Ìyá Kúnlé, ẹ wá jókòó tì mí.”

Ó jókòó. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bàbá yín ti kú. Àná ni.”

Ẹnì kan ju ife sílẹ̀. Ìyá Kúnlé ò sunkún lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ bàbá òun nígbà náà. Ìyẹn gan-an ni kò sí ẹni tó rántí béèrè nínú wa. Níta ni Alága ti kọlu Bàbá, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni wà lórí pẹpẹ. Ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, ó ní Bàbá ti dójú ti àṣà níwájú àwọn ọmọ tí a bí sílẹ̀ yìí. Bàbá ń wo ìsàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà wọn wá ibi tí yìnyín ò ti pọ̀.

“Dókítà, ẹ̀yin lẹ mọ àṣà. Èmi mọ ibi tó ń gbé ènìyàn dé.”

Ìyá Kúnlé ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀fọ́ wá fún wọn, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Bàbá wá mú àwa ará ilé jẹ́jẹ̀ẹ́. Ojú tó ń ṣú ló gbé wọn wá sí Chicago láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Màmá àgbà, ìyàwó wọn, kọ̀ láti wá, wọ́n ní àwọn ò ní lọ kú sínú fíríìjì. Bàbá ní bí ohunkóhun bá ṣe Màmá ní Ìbàdàn, kí wọ́n ní kí àwọn jókòó, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún àwọn lọ́jọ́ náà gan-an. A gbà, gbogbo wa. Bàbá mi tilẹ̀ na ọwọ́ sókè.

Màmá kú lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ojú kejì fún Bàbá. Ìyá mi gba tẹlifóònù nínú yàrá, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó sì di nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹkún á ba ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe jẹ́, ó ní ìmọ̀ ìṣègùn ni òun ń sọ. Bàbá mi fara mọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ìyá mi wọlé tọ Bàbá, ó ní ara Màmá ò yá díẹ̀. Bàbá ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, Alága ò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ọ́fíìsì. Ilé wa ló wá, òun àti àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ó ti dé orí òtútù nígbà tí Bàbá jáde láti yàrá, gíláàsì dúdú lójú wọn, ọwọ́ wọn lára ògiri. Wọ́n dúró sáàárín pálọ̀.

“Ẹ jókòó, gbogbo yín. Sìdí, ìwọ náà jókòó.” Wọ́n dúró títí a fi jókòó. “Ìyá yín ti kú.”

Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún. Bàbá jókòó tì í, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n sì bi í léèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ Màmá. Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, ìyá mi tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kò sí wàhálà.

“Àná ni mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè kí ẹ jókòó.”

Bàbá kú nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní ọsibítù, ní àárọ̀, ìyá mi lọ́dọ̀ wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó bá wọn mu ọmú kan náà, àbúrò wọn obìnrin ní Ìbàdàn, Ìyá Ràlíà, tí Bàbá tọ́ dàgbà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ fún un. Alága yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó ní kí á lọ díẹ̀díẹ̀. Mo ní rárá o, mo ní èmi ló máa sọ ọ́, mo sì máa sọ ọ́ bí Bàbá ṣe fẹ́. Èmi tí mo mọ ìtàn ẹ̀gbọ́n Álẹ́kì ju ẹnikẹ́ni lọ, tí mo ti fi Alága ṣe yẹ̀yẹ́ láti Calumet City dé Flossmoor. Mo kọ́ ọ sórí níwájú dígí: Ìyá, ẹ jókòó. Bàbá ti kú.

Ilé apòògùn tó wà ládùúgbò Ìyá Ràlíà ni tẹlifóònù wà. Mo gbọ́ tí wọ́n rán ọmọ lọ pè é. Mo dúró. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ mímí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti sáré. Mo ní, “Ìyá, ẹ jókòó.” Ó ní wáyà tẹlifóònù náà kúrú, kò dé ibi tí àga wà, pé òun dúró dáadáa, kí n máa sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àjọkẹ́ ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?”

Mo ní ara Bàbá ò yá díẹ̀ ni.

Ó béèrè pé, “Ṣé wọ́n ń jẹun?”

Mo ní wọ́n ń jẹun.